Òwú Búlúù ní Gáàlè

Ìgbòkun wa ya lóru ọjọ́ kẹtàlá,
ó ya bí ìgbà tí ẹni inú ń bí fa lẹ́tà ya.
Eskil gbé fìtílà sókè, ó fi èdè Nọ́wè bú afẹ́fẹ́.
Afẹ́fẹ́ ò gbọ́ Nọ́wè.
Ẹ́ńjìnnì kékeré ló tì wá dé Gáàlè,
tí ń wúkọ́ bí arúgbó nígbà ọyẹ́.
A ju ìdákọ̀ró sínú èbúté tó ti rí ọkọ̀ tó ju tiwa lọ,
tí kò tilẹ̀ yíjú wò wá.

"Lọ wá òwú," ni Eskil wí. "Èyí tó nípọn.
Má sì rìn gbéregbère."

Mo lọ wá òwú. Ẹsẹ̀ mi ló rìn gbéregbère.

Odi ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, dúdú, sísanra,
egungun iyùn inú òkun há sáàárín òkúta rẹ̀.
Àwọn Pọtogí fi amọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,
àwọn ará Họ́láńdì fi òkúta parí rẹ̀,
àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n dá ẹnu ọ̀nà mìíràn sí i lára.
Ẹni tó mọ odi ò mọ ẹni tí yóò jókòó lé e:
lónìí, níbi tí ìbọn àgbá ti ń wo òkun,
olólùfẹ́ méjì wà lábẹ́ agboòrùn kan.
Òjò ò rọ̀. Oòrùn ti ń lọ.
Wọn ò kàn fẹ́ kí á rí wọn ni.

Òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Ibi Ìlọ́kùn
ní èdè Họ́láńdì àtijọ́. Inú mi dùn.
Ọmọkùnrin kan ní, "Okùn kẹ̀? Áìsìkiriìmù la ní."
Mo rà á. Ó yọ́ sí mi lọ́wọ́.
Hájì Mafáásì, tó ń fi awò kékeré yẹ òkúta iyebíye wò,
kò gbójú sókè tó fi nàka sí ìsàlẹ̀ àdúgbò:
"Kusumawati. Òun ló mọ òwú."

Ó jókòó ní ìloro, ìrọ̀rí lórí itan,
igi wẹ́wẹ́ bí ogójì so rọ̀ mọ́ òwú tín-ín-rín,
ó ń jù wọ́n lé ara wọn, kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́,
léèsì sì ń yọ jáde bí ìfófòó létí omi.
Èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ṣẹ́, tèmi náà ò gún.
Mo fi apá méjèèjì ṣe ìgbòkun fún un.
Ó rẹ́rìn-ín. "Eléyìí, fún ọrùn bùláòsì.
Tìrẹ, fún ọrùn ìjì."

Ó wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì jáde.
Òwú búlúù, líle, tó ń rùn bí ẹja.
"Ti Wimal. Àbúrò mi. Àwọ̀n ló fi ń rán."
Ó nàka sẹ́yìn odi, síbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ń pé sí.
Ọjọ́ kejì Kérésì, ọdún ẹgbàá ó lé mẹ́rin,
òkun wọ̀lú láìkan ilẹ̀kùn.
Odi tí àjèjì mọ nítorí ọ̀tá
ló dá omi dúró lórí àwọn tó wà nínú.
Wimal wà níta.
Ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ lédè rẹ̀,
mo kí i lédè tiwa: ẹ kú ara fẹ́ra kù.
Ó mi orí. Igi wẹ́wẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́.

Kò gbowó. Abẹ́rẹ́ ìgbòkun kan ló tọrọ,
mo fi èyí tó mú jù sílẹ̀ fún un.

"Wákàtí mẹ́fà, nítorí òwú?" ni Eskil wí.
Mi ò fèsì. Mo jókòó ti ìgbòkun, mo ń rán.
Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí,
bẹ́ẹ̀ la ń wí nílé, mi ò bi í léèrè rí
ọ̀nà ta ni okùn náà ń tọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí a ti ṣí kúrò, ìjì dé.
Mo gbójú sókè, mo ka ojú abẹ́rẹ́ náà,
búlúù lórí funfun, mọ́kànlélógójì.
Mo tún un kà.